Ilé Ìwòsàn Kì í Rìn Lọ Sóko: Ohun Tí Ètò Abíyè Fi Kọ́ Wa Nípa Ìlera Ìgbèríko Ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó

Tí Yorùbá bá fẹ́ kí ìyá ọmọ tuntun, "Ẹ kú ewu ọmọ" là ń sọ. Àwọn àgbà wa mọ̀ pé ewu ńlá ni ìkúnlẹ̀ abiyamọ, ewu ọ̀hún kò sì tíì kúrò nílẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé, ìyẹn WHO, sọ nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2025 pé ní 2023 nìkan, nǹkan bí ìyá 75,000 ló bá oyún tàbí ìbímọ lọ ní Nàìjíríà. Tí a bá kó gbogbo irú ikú bẹ́ẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ lágbàáyé lọ́dún náà jọ, tí a sì pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, ti Nàìjíríà nìkan ju ìpín kan lọ.

Ohun tó ń pa púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe àìsàn tí kò gbóògùn. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lẹ́yìn ìbímọ wà lára àwọn tó ṣáájú. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti gìrì aboyún tún wà níbẹ̀, àkóràn náà sì ń bá wọn rìn. Dókítà mọ ìtọ́jú wọn, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí náà mọ̀ ọ́n. Àkókò ni kì í sí. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ lè kú láàárín wákàtí méjì tí kò bá rí ìrànlọ́wọ́. Ẹni tó bímọ ní àárín Àkúrẹ́ tàbí ní ìgboro Oǹdó lè dé ọsibítù kí wákàtí kan tó pé. Ẹni tó wà ní kám̀pù kòkó nínú igbó Ìdànrè ńkọ́? Ẹni tó wà ní etí omi ní Ìlàjẹ, níbi tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ló máa gbé e jáde, ńkọ́?

Ìbéèrè yìí la fẹ́ yẹ̀ wò lónìí. A kò ní lọ jìnnà wá àpẹẹrẹ, nítorí ìpínlẹ̀ wa yìí ti dán ohun kan wò tí àwọn ará ìta wá wò, tí Báńkì Àgbáyé sì yìn. Abíyè ni orúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ṣiṣẹ́, ibi tó ti ṣòro, àti ohun tó yẹ kí ẹni tó ń gbé lóko mọ̀ lónìí.

Kí là ń pè ní ìtọ́jú ìlera alábọ́dé?

Ipele mẹ́ta ni ìtọ́jú ìlera ní Nàìjíríà. Lókè pátápátá ni àwọn ọsibítù ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ dókítà, irú bí ọsibítù Yunifásítì UNIMED tó wà ní Oǹdó àti Àkúrẹ́. Láàárín ni àwọn ọsibítù ìjọba ìpínlẹ̀ tí a mọ̀ sí jẹ́nẹ́rà. Èyí tó sún mọ́ ará oko jù ni ti alábọ́dé, èyí tí ọ̀pọ̀ wa kàn ń pè ní sẹ́ńtà.

Sẹ́ńtà ló yẹ kí ọmọ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí aboyún ti gba ìtọ́jú, kí obìnrin tí ìbímọ rẹ̀ kò la wàhálà lọ ti bímọ, kí wọ́n sì ti wo ibà àti ìgbẹ́ gbuuru kó tó di ńlá. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ sọ bó ṣe yẹ kí wọ́n tò wọ́n: yàrá ìlera kékeré kan fún abúlé tó ní nǹkan bí ènìyàn 500, ilé ìtọ́jú tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ènìyàn 2,000 sí 5,000, àti sẹ́ńtà tó pé pérépéré ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, fún ènìyàn 10,000 sí 20,000. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ìjọba ìbílẹ̀ 18 àti wọ́ọ̀dù 203. Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò rẹ̀, kí ẹ sì wo wọ́ọ̀dù tiyín, bóyá sẹ́ńtà tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru wà níbẹ̀.

Èrò yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1978, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè kóra jọ sí ìlú Alma-Ata, ní ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Kazakhstan lónìí, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan pé ìtọ́jú gbọ́dọ̀ wá bá àwọn ènìyàn níbi tí wọ́n ń gbé àti níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ní Nàìjíríà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, dókítà ọmọdé tó di mínísítà ìlera ní 1985, ló gbé e lérí. Ìjọba ìbílẹ̀ 52 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 1986, kí ó tó wá wọ inú ìlànà ìlera orílẹ̀-èdè yìí ní 1988.

Àmọ́ ẹ jẹ́ mọ̀ pé ilẹ̀ Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí kí Alma-Ata tó dé. Láàárín ọdún 1956 sí 1961, dókítà òyìnbó kan, David Morley, ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà. Ó rí i pé tí òun bá jókòó sí Iléṣà, àwọn ọmọ tí òun máa rí ni àwọn tí àìsàn wọn ti wọ̀ wọ́n lára. Ló bá mú iṣẹ́ lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Níbẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ́ dáadáa ló ń wo àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Wọ́n ń wọn ọmọ, wọ́n ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sórí káàdì, ìyá ọmọ ló sì ń gbé káàdì náà lọ sílé. Káàdì tí àwọn ìyá ń mú lọ sí sẹ́ńtà lónìí, ìran rẹ̀ kan Ìmẹ̀sí-Ilé. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé tí ẹ bá kọ́ ẹni tó ń gbé nítòsí, tí ẹ sì fún un ní ohun èlò, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ń rò pé dókítà nìkan ló lè ṣe, òun náà á ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ìdádúró mẹ́rin tó ń pa aboyún

Ní ọdún 1994, àwọn obìnrin méjì kan tó ń ṣèwádìí, Sereen Thaddeus àti Deborah Maine, kọ ìwé kan tí àwọn oníṣègùn ṣì ń lò títí di òní. Wọ́n ní ìdádúró mẹ́ta ló ń pa aboyún. Nígbà tí wọ́n ń gbé Abíyè kalẹ̀ ní Oǹdó, wọ́n fi ẹ̀kẹrin kún un. Ẹ jẹ́ ká kà wọ́n.

Àkọ́kọ́ ni ìdádúró nílé, kí wọ́n tó pinnu. Ọkọ kò sí nílé. Ìyá ọkọ ní kí wọ́n ní sùúrù, pé ìrọbí àkọ́bí máa ń pẹ́. Owó kò sí lọ́wọ́. Tàbí kẹ̀, kò sí ẹni tó mọ̀ pé orí fífọ́ tó le tó bẹ́ẹ̀ lára aboyún kì í ṣe ọ̀rọ̀ paracetamol lásán.

Ìkejì ni ìdádúró lójú ọ̀nà. Wọ́n ti gbà láti lọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ṣú, kò sí ọ̀kadà, òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, epo ọkọ̀ ojú omi ti tán.

Ìkẹta ni ìdádúró nínú ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀. Wọ́n dé sẹ́ńtà, nọ́ọ̀sì ti lọ sílé. Tàbí ó wà níbẹ̀, àmọ́ kò sí iná, kò sí ibọ̀wọ́, kò sí omi tí wọ́n máa fà sí aboyún lára, wọ́n ní kí ọkọ lọ ra wọ́n wá.

Ìkẹrin, èyí tí wọ́n fi kún un níbí, ni ìdádúró nígbà tí sẹ́ńtà bá ní agbára òun kò ká a mọ́. Wọ́n kọ ìwé lé ìdílé lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa lọ sí Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó. Ta ló máa gbé wọn lọ? Ṣé àwọn tó wà lọ́hùn-ún mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀? Àbí tí wọ́n bá dé ibẹ̀ ni wọ́n á tún ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé káàdì?

Ohun tó dáa nínú kíkà wọ́n báyìí ni pé ó ń jẹ́ ká rí i pé ilé tuntun nìkan kò lè wo àrùn yìí. Tí ìjọba bá kọ́ sẹ́ńtà tó rẹwà, ìdádúró kẹta nìkan ló kàn, ìyẹn tí òṣìṣẹ́ àti oògùn bá tilẹ̀ wà nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́, ìkejì àti ìkẹrin ṣì wà níbẹ̀.

Bí Abíyè ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Ìfẹ́dọ̀rẹ́

Olúṣẹ́gun Mímíkò, dókítà ìṣègùn tó jẹ́ ọmọ ìlú Oǹdó, di gómìnà ní oṣù kejì ọdún 2009. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ Abíyè. Wọn kò fọ́n ọn káàkiri ìpínlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́ ni wọ́n fi dán an wò, níbi tí Ìgbàrà-Òkè jẹ́ olú ìlú, tí Ìlárá-Mọ̀kín àti Ìjàrẹ́ náà sì wà. Orúkọ yẹn fúnra rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ìyá bí, ìyá yè, ọmọ náà yè. Àdúrà tí a ti ń gbà fún aboyún tipẹ́ ni.

Wọ́n wá mú ìdádúró kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì wá ohun tó máa kojú rẹ̀.

Fún ìdádúró nílé, wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Health Ranger. Òṣìṣẹ́ ìlera àwùjọ ni wọ́n, irú àwọn tí College of Health Technology ní Àkúrẹ́ ń kọ́. Wọ́n pín aboyún fún wọn, nǹkan bí 25 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Health Ranger kì í jókòó dúró de aboyún. Ó ń lọ bá a nílé, ó ń wo bí ara rẹ̀ ṣe rí, ó sì ní ìwé ìbéèrè lọ́wọ́ tó fi ń mọ èyí tí oyún rẹ̀ léwu. Ó ń bá ọkọ àti ìyá ọkọ sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ ìrọbí tó dé, kí wọ́n ti mọ ibi tí wọ́n ń lọ, ohun tí wọ́n máa gùn àti ẹni tó máa tẹ̀ lé wọn. Wọ́n tún fún aboyún ní fóònù tó lè fi pe Health Ranger rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Lóde òní, fóònù wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹnì kan lè ní kí ni nǹkan bàbàrà níbẹ̀. Ní 2009, kì í ṣe gbogbo ìyàwó àgbẹ̀ ló ní fóònù tirẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, fóònù kò wúlò tí ẹni tó yẹ kó gbé e kò bá sí. Fóònù náà ní ẹni tó ń jẹ́ ìpè rẹ̀, ẹni tí aboyún ti mọ̀ lójú.

Fún ìdádúró lójú ọ̀nà, wọ́n lo ọ̀kadà, wọ́n lo kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n tún ṣe láti fi gbé aláìsàn, wọ́n sì lo ọkọ̀ áńbúláǹsì. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà oko wa mọ ìdí tí ọkọ̀ kan ṣoṣo kò fi lè tó. Ibi tí áńbúláǹsì ńlá máa rì sí nínú ẹrẹ̀, ọ̀kadà á gbabẹ̀ kọjá.

Fún ìdádúró kẹta, wọ́n tún àwọn sẹ́ńtà ṣe, wọ́n kó oògùn àti òṣìṣẹ́ sínú wọn, ìtọ́jú aboyún sì di ọ̀fẹ́. Fún ìkẹrin, wọ́n ní láti ní ibi tí wọ́n ń darí ẹni tó le sí, ibi tí wọ́n ti lè ṣiṣẹ́ abẹ, tí ẹ̀jẹ̀ sì wà tí wọ́n lè fà sí aboyún lára. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́ Ọsibítù Ìyá àti Ọmọ sí Àkúrẹ́, èyí tó ṣí ní ọdún 2010 pẹ̀lú ibùsùn 100. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ irú rẹ̀ sí ìlú Oǹdó.

Nígbà tí ọ̀fẹ́ kó èrò wá

Ẹni tó bá rántí Ọsibítù Ìyá àti Ọmọ ní Àkúrẹ́ lásìkò yẹn á rántí bí èrò ṣe pọ̀ tó. Ìbímọ jẹ́ ọ̀fẹ́, iṣẹ́ abẹ náà jẹ́ ọ̀fẹ́. Àwọn aboyún wá láti gbogbo ìjọba ìbílẹ̀, àwọn mìíràn tilẹ̀ wá láti ìpínlẹ̀ tó yí wa ká. Obìnrin tí kò ní ìṣòro kankan, tí sẹ́ńtà àdúgbò rẹ̀ lè gbẹ̀bí rẹ̀, á fi sẹ́ńtà sílẹ̀, á lọ tò ní Àkúrẹ́.

Ẹ kò lè dá wọn lẹ́bi. Gbogbo wa là ń fẹ́ ibi tó dáa jù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tì í lẹ́yìn. Tí ẹni tí sẹ́ńtà Ìjàrẹ́ tàbí Bólọ́runduró lè tọ́jú bá lọ gba ibùsùn ní ọsibítù ńlá, ẹni tí wọ́n gbé wọlé láti kám̀pù pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lára á bá èrò níwájú. Dókítà kan náà ni gbogbo wọn ń dúró dè. Ọsibítù ńlá ń sàn fún ará oko tí àwọn tí kò nílò rẹ̀ bá rí ìtọ́jú tó dáa nítòsí ilé wọn. Ìdí nìyí tí a kò fi lè ya ọ̀rọ̀ sẹ́ńtà abúlé kúrò lára ọ̀rọ̀ ọsibítù Àkúrẹ́ àti Oǹdó.

Agbẹ̀bíyè: ọ̀rọ̀ àwọn ìyá agbẹ̀bí

Ohun kan tún wà tí wọn kò lè fojú fò. Pẹ̀lú gbogbo ọ̀fẹ́ yẹn, àwọn aboyún kan ṣì ń lọ bímọ lọ́dọ̀ agbẹ̀bí ìbílẹ̀ àti ní ilé ìgbẹ̀bí ìjọ tí a ń pè ní míṣọ̀n. Kí ló dé?

Ìdí pọ̀. Ìyá agbẹ̀bí ń gbé àdúgbò, wọ́n lè kanlẹ̀kùn rẹ̀ ní aago méjì òru. Ó mọ ìyá aboyún, ó lè jẹ́ òun náà ló gbẹ̀bí aboyún yẹn gan-an nígbà tí wọ́n bí i. Ó ń gbàdúrà sí i. Kì í pariwo mọ́ ọn. Tí owó kò bá pé, ó lè ní kí wọ́n san án díẹ̀díẹ̀, tàbí kí wọ́n mú iṣu wá. Ẹni tí nọ́ọ̀sì ti bú rí ní sẹ́ńtà kò ní gbàgbé bọ̀rọ̀, á sì sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ní 2014, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò mìíràn tí wọ́n pè ní Agbẹ̀bíyè. Kàkà kí wọ́n máa lé àwọn ìyá agbẹ̀bí kiri, wọ́n pè wọ́n jókòó. Àdéhùn náà ni pé tí aboyún bá wá bá wọn, kí wọ́n mú un lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Wọ́n ń fún wọn lówó fún aboyún tí wọ́n bá mú wá, nítorí iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn ni wọ́n ní kí wọ́n fi sílẹ̀. Wọ́n kọ́ wọn níṣẹ́ ọwọ́ mìíràn, wọ́n sì ṣètò owó yíyá kékeré kí wọ́n lè fi bẹ̀rẹ̀ òwò.

Ọgbọ́n wà nínú èyí. Ẹni tí ẹ bá gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ á sápamọ́ máa ṣe é lọ. Ẹni tí ẹ bá fún ní ipò, tí ẹ sì fún ní nǹkan tó máa jẹ, á di ẹni tó ń kó èrò wá. Ohun tó yẹ kí sẹ́ńtà kọ́ lára ìyá agbẹ̀bí náà ni ìwà: bí a ṣe ń kí ènìyàn, bí a ṣe ń dáhùn, bí a ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn lóru.

Òfin tó ní kí wọ́n ka òkú

Ohun kẹta tí ìpínlẹ̀ yìí ṣe kò gbajúmọ̀ tó àwọn méjì àkọ́kọ́, àmọ́ ó ṣe pàtàkì. Ní 2010, wọ́n ṣe òfin pé gbogbo ikú aboyún tàbí ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ gbọ́dọ̀ dé etí ìjọba, ì báà jẹ́ ọsibítù ìjọba, ti aládàáni tàbí míṣọ̀n ló ti ṣẹlẹ̀. Àwọn onímọ̀ á wá jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí ní bòókẹ́lẹ́. Wọn kò wá ẹni tí wọ́n máa fìyà jẹ. Ìbéèrè wọn ni: níbo ló ti dúró? Ṣé ilé ni, àbí ojú ọ̀nà, àbí ìdí ìtọ́jú?

Nílẹ̀ wa, tí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀, a máa ń sọ pé bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ nìyẹn, tàbí ká ní ayé ló ṣe é. Òfin yìí kò ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà. Ó kàn ní kí a tún béèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ wà nílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Tí ikú mẹ́rin bá ṣẹlẹ̀ ní ojú ọ̀nà kan náà, ọ̀nà yẹn ló ń pààyàn, ìjọba kò sì lè mọ̀ bí kò bá sí ẹni tó kà wọ́n.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà?

Ìjọba Mímíkò parí ní oṣù kejì ọdún 2017. Nígbà tí ìjọba Rótìmí Akérédolú dé, owó padà wọ ọ̀rọ̀ ìtọ́jú tó ti jẹ́ ọ̀fẹ́ ní Ọsibítù Ìyá àti Ọmọ. Ọ̀rọ̀ náà dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Àwọn kan ní ìjọba kò lè máa dá gbogbo rẹ̀ gbé, pé oògùn àti owó oṣù ń fẹ́ owó. Àwọn kan ní tálákà ló máa forí fá a. Àwọn ọsibítù méjèèjì wá di apá kan ọsibítù UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn tó wà ní ìlú Oǹdó.

Ọ̀nà tí ìjọba wá gbà ni ètò adójútòfò ìlera. Àjọ tó ń rí sí i ní ìpínlẹ̀ wa ni Ondo State Contributory Health Commission, ètò tí wọ́n ṣe fún aboyún àti ọmọ wẹ́wẹ́ lábẹ́ rẹ̀ sì ń jẹ́ Abiyamọ. Bí adójútòfò ṣe ń ṣiṣẹ́ kò yàtọ̀ sí èésú tàbí àjọ tí a mọ̀. Gbogbo wa dá owó jọ nígbà tí ara le, ẹni tí àìsàn bá dé bá á fi tọ́jú ara rẹ̀. Ibi tó ti yàtọ̀ ni pé tí àìsàn kò bá dé bá ẹ, o kò ní kó owó tìrẹ. Ẹlòmíràn ló lò ó, lọ́la ó lè kan ìwọ náà.

Ìjọba àpapọ̀ náà ní tirẹ̀. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù kẹwàá ọdún 2014 ní kí wọ́n máa yọ ó kéré tán náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé sí àpò ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú alábọ́dé. Ìdajì rẹ̀ máa ń lọ sí adójútòfò, kí tálákà, aboyún, ọmọdé àti arúgbó lè rí ìtọ́jú láìsan owó. Púpọ̀ nínú èyí tó kù wà fún oògùn, òṣìṣẹ́ àti àtúnṣe sẹ́ńtà, díẹ̀ sì wà fún pàjáwìrì. Owó tó yẹ kó dé sẹ́ńtà wọ́ọ̀dù yín wà nínú rẹ̀. Ní 2022, òfin mìíràn sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà.

Tí a bá gbé ọ̀fẹ́ àti adójútòfò sórí ìwọ̀n, ìyàtọ̀ kan wà tó kan ará oko gan-an. Ọ̀fẹ́ kò béèrè ìwé. O kàn dé ibẹ̀ ni. Adójútòfò ń fẹ́ kí ènìyàn ti forúkọ sílẹ̀ kí àìsàn tó dé. Ẹni tó ń gbé kám̀pù, tí fóònù rẹ̀ kì í rí nẹ́tíwọ̀kì, tí kò ní NIN, lè jẹ́ ẹni tí wọ́n ṣe ètò náà fún gan-an, síbẹ̀ kó má mọ̀ pé ó wà. Nítorí náà, iṣẹ́ tí Health Ranger ṣe ní Ìfẹ́dọ̀rẹ́ kò tíì tán. Ẹnì kan ṣì gbọ́dọ̀ rìn lọ bá wọn lóko, kó sì kọ orúkọ wọn.

Ibi tó ṣì ti ń dun ará oko

Ìṣòro kìíní ni òṣìṣẹ́. Nọ́ọ̀sì tó ní ọkọ àti ọmọ níléèwé kò ní fẹ́ gbé ibi tí kò sí iná, omi àti iléèwé tó dáa. Tí wọ́n bá gbé e lọ síbẹ̀, Àkúrẹ́ ni á ti máa lọ, á sì padà kí oòrùn tó wọ̀. Bẹ́ẹ̀ ìrọbí kì í wo aago. Ilé fún òṣìṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sẹ́ńtà, iná sólà, àti owó àfikún fún ẹni tó gbé ìgbèríko, ìwọ̀nyí ló lè mú un dúró. Ìlú náà lè ṣe tirẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti fún nọ́ọ̀sì ní ilé, tí wọ́n ń kí i, tí wọ́n ń dáàbò bò ó, yóò ṣòro fún un láti sá lọ.

Ìṣòro kejì ni iná. Abẹ́rẹ́ oxytocin tí wọ́n fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lẹ́yìn ìbímọ gbọ́dọ̀ wà ní ibi tó tutù, bíi ti inú fíríìjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni abẹ́rẹ́ àjẹsára. Tí kò bá sí iná, wọ́n lè gún aboyún ní abẹ́rẹ́ tí agbára rẹ̀ ti lọ, kí gbogbo ènìyàn sì máa rò pé ìtọ́jú ni. Oògùn oníhóró kan wà, misoprostol, tí kò nílò fíríìjì, òṣìṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n lò sì lè fún aboyún ní oko. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn tí ènìyàn ń rà lò fúnra rẹ̀.

Ìṣòro kẹta ni omi. Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò kò dà bí Ìfẹ́dọ̀rẹ́. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kò lè rìn lórí omi. Ohun tó ṣiṣẹ́ ní Ìgbàrà-Òkè gbọ́dọ̀ yí padà kó tó lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀: ọkọ̀ ojú omi tó ní epo nínú, ẹni tó lè wà á lóru, àti òṣìṣẹ́ tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀.

Ohun tí ẹ lè ṣe láti òní lọ

Tí aboyún bá wà nílé yín, ẹ jẹ́ kó forúkọ sílẹ̀ ní sẹ́ńtà kí oyún tó pé oṣù mẹ́ta. WHO ní kó rí òṣìṣẹ́ ìlera ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ kó tó bímọ. Kí ó lọ béèrè nípa Abiyamọ àti adójútòfò lọ́jọ́ tó bá ń forúkọ sílẹ̀, kó sì mú NIN rẹ̀ dání tó bá ní in.

Ẹ má dúró nílé tí ẹ bá rí ọ̀kan nínú àwọn àmì wọ̀nyí:

- Ẹ̀jẹ̀ ń dà, yálà nínú oyún tàbí lẹ́yìn ìbímọ.
- Orí ń fọ́ ọ gan-an, ojú rẹ̀ ń ṣú, tàbí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ wú.
- Gìrì mú un.
- Ara rẹ̀ gbóná janjan.
- Ọmọ inú rẹ̀ kò mira bíi ti tẹ́lẹ̀.
- Omi ti dà, ìrọbí kò sì bẹ̀rẹ̀.
- Ìrọbí ti lé ní wákàtí 12.
- Ó ti bímọ, ṣùgbọ́n ibi ọmọ kò jáde láàárín ìṣẹ́jú 30.

Kí ọjọ́ tó pé, kí ọkọ àti ìyàwó jọ sọ nǹkan mẹ́rin: ọ̀kadà ta ni a máa pè lóru, ta ló máa tẹ̀ lé wa, ta ló lè fún wa lẹ́jẹ̀, èló la ti fi pamọ́. Tí ọkọ kò bá sí nílé, kí ó ti sọ fún ìdílé pé wọn kò nílò láti dúró de òun kí wọ́n tó gbé ìyàwó lọ.

Fún ìlú lápapọ̀, ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù wà ní ìlànà ìjọba, níbi tí baálẹ̀, ìyálọ́jà, àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn olórí ẹ̀sìn ti ń bá òṣìṣẹ́ sẹ́ńtà jókòó. Ẹ béèrè ìgbà tí ti wọ́ọ̀dù yín pàdé gbẹ̀yìn. Tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí: ta ló wà lẹ́nu iṣẹ́ ní òru? Ṣé fíríìjì ń ṣiṣẹ́? Tí aboyún bá ju agbára yín lọ, kí lẹ fi ń gbé e, nọ́ńbà ta sì lẹ ń pè ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó? Owó ìtọ́jú alábọ́dé tó dé ní ìdá ọdún tó kọjá, kí lẹ fi ṣe?

Ẹni tó bá ti gbọ́ ìdáhùn mẹ́rin yìí ti mọ bóyá sẹ́ńtà wà ní wọ́ọ̀dù rẹ̀ lóòótọ́, àbí ilé lásán ló wà níbẹ̀. Tí ìdáhùn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ mú ọ̀rọ̀ náà lọ bá káńsẹ́lọ̀ yín àti alága ìjọba ìbílẹ̀ yín, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni ìtọ́jú alábọ́dé ti bẹ̀rẹ̀. Kí Ọlọ́run sọ gbogbo aboyún tó wà láàárín wa kalẹ̀ láyọ̀, kí a gbóhùn ìyá, kí a gbóhùn ọmọ.